Bí Mo Ṣe Pọn Daddy Lásísì Lọ Bá Àkókó Lórí Òkè Shooters Hill

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti gbọ́ ìròyìn àwọn tó lọ Mẹ́kà, ẹ ti gbọ́ tàwọn tó lọ Dubai. Ìrìn àjò tí èmi Súlè fẹ́ ròyìn fún yín kò ju bọ́ọ̀sì méjì àti ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ. Láti Tavy Bridge ní Thamesmead la ti gbéra, orí òkè Shooters Hill la lọ, a sì padà dé kó tó di ọ̀sán. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìrìn tí mo ti rìn láyé, títí kan èyí tó gbé mi kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí London, n kò rí èyí tó le tó o, n kò sì rí èyí tí inú mi dùn sí tó o.

Aago márùn-ún àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Mẹ́ta ni mo jáde nílé. Mo ti kírun àsùbáà, mo ti da tíì sínú fúláàsì, mo ti fi ẹyin díndín sáàárín búrẹ́dì. Otútù ń já mi létí, afẹ́fẹ́ sì gbé òórùn Crossness, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú, wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Thamesmead kì í dimú mọ́. Ó kàn máa mọ̀ pé ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Mo rìn lọ sí ilé Daddy Lásísì, mo bá a tó ti jókòó sórí ibùsùn, tó ti de fìlà, tó wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ kí n fi Daddy Lásísì hàn yín. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo bá dé ìlú yìí, èmi ni mo sì ń lọ bá a láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti wẹ̀ ẹ́, láti wọṣọ fún un, láti fún un ní oògùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà mọ́, ojú rẹ̀ kò rí ohun kéékèèké, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ gbọ́ràn ju tèmi lọ. Kó tó wá sí London, ọ̀gá fọ́rẹ́sìtì ni ní agbègbè Ìjẹ̀bú, èmi sì rèé, ọmọ sọ́míìlì ni mí. Tó bá ṣe pé ilé la ti pàdé, ológbò àti eku ni à bá jẹ́. Àwọn tiẹ̀ ló máa ń gbé òòlù rìn kiri ibi tí a bá to gẹdú sí, tí wọ́n ń lu àmì sára igi tí ìjọba fọwọ́ sí. Àwa tí igi wa kò ní àmì, inú igbó là ń gbà sá lọ. Ọlọ́run wá mú mi dé London kí n wá máa bá ọlọ́pàá igi wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni ọmọ rẹ̀, Auntie Kúdí, ń bọ̀ láti Manchester wá mú un lọ. Aago méjìlá ló dá. Ó ti gba yàrá fún un nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lọ́hùn-ún. Daddy kò fẹ́ lọ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi gbé Thamesmead, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, ó mọ ohùn gbogbo aládùúgbò rẹ̀. Lóòótọ́, ó ṣubú ní kíṣìnì lẹ́yìn ọdún tuntun, ṣùgbọ́n Auntie Kúdí sọ fún mi lórí fóònù pé kì í ṣe torí ìyẹn nìkan.

“Brother Súlè, Daddy send message kan sí mi last week,” ó ní. “I can't even repeat it. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò lè leave him alone nínú flat yẹn mọ́.”

Mo bi í pé kí ni Daddy kọ. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn. N kò bi Daddy náà, torí ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ìtọ́jú kì í ṣe adájọ́ ẹbí. Ohun kan ṣoṣo ni Daddy bẹ̀ mí fún kó tó lọ.

“Súlè, mú mi lọ sọ́dọ̀ àkókó mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí àsìkò yìí bá kọjá, kò ní lu igi mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀, níbo ni màá wà?”

Ẹyẹ tó ń fi ẹnu gbẹ́ igi ló ń wí. Ọdọọdún, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le, ló máa ń gun òkè yẹn lọ gbọ́ ọ. Mo ní kò burú. Ọjọ́ ìsinmi mi ni, mo sì pinnu nínú ọkàn mi pé bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń jábọ́, Daddy á gbọ́ ẹyẹ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ síbikíbi.

Mo gbé e sórí àga onítáyà rẹ̀, mo tì í lọ sí ibùdókọ̀. Ẹ gbọ́ ohun kan nípa bọ́ọ̀sì ìlú yìí: ó máa ń kúnlẹ̀. Tó bá rí àgbà tàbí aláàárẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á mí hìn-ìn, á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, á sì na pátákó kan jáde bí ahọ́n kí àga lè gùn ún. Ọkọ̀ wọn ń kúnlẹ̀ kí àgbà, àwọn èrò inú rẹ̀ ni kì í kí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n oríire wa lọ́jọ́ náà, ọmọ tiwa ló ń wakọ̀, ọmọbìnrin kan tó wé ìborí dúdú.

“Ẹ káàárọ̀, Daddy! Ẹ mà tètè jáde o. Ṣé hospital lẹ̀ ń lọ?”

“Rárá o, ọmọ mi. Mò ń lọ kí ẹyẹ.”

“Ẹyẹ kẹ̀? This early? Daddy, ẹ ò serious!” Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbéra títí mo fi fi bíréèkì àga náà sí i dáadáa.

Pọ́n-ùn kan àti péńsì márùndínlọ́gọ́rin ni owó ọkọ̀ mi. Tí o bá wọ òmíràn kí wákàtí kan tó pé, wọn kò tún ní gba kọ́bọ̀. Ti Daddy, ọ̀fẹ́ ni, nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Nílé, wọn ì bá gba owó àga lọ́tọ̀ bí ẹrù, kí wọ́n sì tún ní kí Daddy gbé e lé itan.

Nínú ọkọ̀ ni Daddy ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí mo ti gbọ́ tó ìgbà ogún. Nígbà èwe rẹ̀, ìjọba rán an lọ kọ́ṣẹ́ igbó ní Amẹ́ríkà, ní àgbègbè olókè níbi tí yìnyín ti ń bo àpáta. Ibẹ̀ ló ti rí irú àkókó kan tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀. Ihò wẹ́wẹ́ ló máa ń lu sára igi ní ẹsẹẹsẹ, omi igi á máa sun jáde, òun á sì máa padà wá lá a. Àwọn òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àkókó adẹ́mu ni Daddy sọ ọ́.

“Bí ẹni tó ń dá ẹmu ló rí gẹ́lẹ́,” ó ní. “Tí ihò kan bá gbẹ, á lu òmíràn. Every day! Ṣé o mọ àwọn tó ń wá mu níbẹ̀? Ẹyẹ kan wà tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Labalábá ń bọ̀, agbọ́n ń bọ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ń bọ̀. Ẹnì kan ló dá ẹmu, gbogbo àdúgbò ló ń mu.”

“Daddy, Mùsùlùmí ni wá o,” mo ní. “Ẹ jẹ́ ká pè é ní omi.”

“Kò tíì kan, Súlè. Fresh ni.”

Ó ní inú igi tí olú ti wọ̀, tí àárín rẹ̀ ti rọ̀, ni ẹyẹ náà ń gbẹ́ ilé sí. Lọ́dún kejì, á tún gbẹ́ tuntun, á fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ tí ẹnu wọn kò lágbára láti gbẹ́ igi á wá kó wọlé. Nítorí náà, tí ènìyàn bá gé igi olólú yẹn dànù pé kò wúlò, àkókó á lọ. Tí àkókó bá lọ, àwọn ayálégbé á lọ, àwọn tó ń mu omi igi náà á lọ. Daddy ní igi tí òun ì bá kọ̀ láti lu àmì sí lára nílé, irú igi bẹ́ẹ̀ ló gbé òkè Amẹ́ríkà yẹn ró.

N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yìí máa ń gún mi. Ní sọ́míìlì wa, igi tí àkókó bá ti lu ni a kọ́kọ́ ń wó. A máa ń ní ó ti jẹrà, a sì máa ń fi dáná. Mo wó wọn pọ̀. N kò bi ara mi rí pé ta ló ń gbé inú ihò yẹn.

Ní Woolwich a pààrọ̀ ọkọ̀. Àwọn ọlọ́jà ò tíì pàtẹ, ẹyẹlé nìkan ló wà lójúde. Bọ́ọ̀sì kejì gun òkè tìhìn-ín tọ̀hún, nígbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀, ojú ọ̀run ti ń funfun, a sì ń rí odò Thames nísàlẹ̀ bí ọ̀já tí wọ́n nà sílẹ̀. A wọ inú igbó. Igbó wọn kò ṣú bíi tiwa. Oṣù Mẹ́ta, igi wọn ṣì wà ní ìhòòhò, o lè rí ajá tó ń sáré ní ìwọ̀n ibùsọ̀ kan.

Ibi tí ọ̀nà ọ̀dà parí sí ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ti rọ̀ lóru, ẹrẹ̀ sì kún ọ̀nà. Mo ti àga náà títí, táyà rì dé àárín, kò lọ, kò bọ̀.

“Ó ti tó, Súlè,” Daddy ní. “A gbìyànjú. Jẹ́ ká máa padà.”

Ohùn tó fi sọ ọ́ ló mú inú bí mi. Ohùn ẹni tó ti ń di ẹrù rẹ̀ ni. Mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Ẹ gùn mí, Daddy.”

“Kí ni?”

“Mo fẹ́ pọ̀n yín.”

“Èmi Lásísì? Kí ọmọ sọ́míìlì pọ̀n mí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

“Daddy, mo ti ru pákó ìrókò gba inú ẹrẹ̀ tó ju èyí lọ. Pákó yẹn kì í sì í bá mi jiyàn.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé a kò gbọ́dọ̀ gbé arúgbó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Mo pọ̀n ọ́n. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, ìyẹn sì dùn mí. Ó ń júwe ọ̀nà sí mi létí: yà sọ́tùn-ún, igi ńlá kan máa wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà igi funfun kan tó ti kú, èèpo rẹ̀ ń bó bí ìwé. Gbogbo rẹ̀ rí bó ṣe wí. Mo gbé e jókòó sórí ìtì igi kan, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì mi tẹ́ sí i nídìí.

A dúró. A mu tíì. Ẹyẹ oríṣiríṣi ń ké, ṣùgbọ́n èyí tí a bá wá kò fọhùn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, ó tún lé.

“Bóyá ó ti lọ,” Daddy ní. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Mo ń rò ó pé mo gbé bàbá arúgbó wá jẹ ìyà lásán, pé yóò lọ Manchester pẹ̀lú òfo.

Lójijì ó na ọwọ́. “Mú òkúta yẹn fún mi. Gbé mi súnmọ́ igi tó kú yẹn.”

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di òkúta náà mú bí ẹni di òòlù mú, ó sì lu igi náà, kíákíá, léraléra, títí ọwọ́ rẹ̀ fi rọ. Ó dákẹ́. Ó tún lù ú.

Kókókókókó! Ẹnì kan dáhùn lókè.

Daddy gbá ọwọ́ mi mú. “O gbọ́? Ó rò pé àkókó mìíràn ló wá gba ilẹ̀ òun. Tún gbọ́! Àkókó ń pè mí, Súlè! Àkókó ń pè mí!” Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ojú mi ló wá di ojú rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹyẹ náà dúdú, ó funfun, ìdí rẹ̀ pupa. Mo ní ó ti fò lọ sára igi kan lápá òsì. Daddy ní láìmù ni igi yẹn, kì í ṣe ti òrombó wẹ́wẹ́ o, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Mo súnmọ́ ọn, mo sì rí ohun tó mú mi kígbe. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, ìlà kan lórí ìlà kejì, àwọn kan tutù, omi ń dán nínú wọn. Eṣinṣin ti ṣù mọ́ ọn. Ẹyẹ kékeré kan tí orí rẹ̀ dà bí aró wá, ó fi ẹnu kan omi náà, ó lọ.

“Daddy, adẹ́mu ni!”

“Mo sọ fún wọn,” ó ní. “Mo ní èyí tó wà níbí náà máa ń dá a lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kúdí ní àlá ni mò ń lá.”

Lókè igi tó kú, nínú ihò àtijọ́ kan, àwọn ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan tó jọ odídẹrẹ́ ń yọrí, wọ́n ń pariwo. Daddy ní ilẹ̀ òkèèrè ni baba ńlá wọn ti wá. Àlejò bíi tiwa, inú ilé tí àkókó gbẹ́ ni wọ́n wọ̀ sí, kò sì sí agent tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Mo pọ̀n ọ́n padà, mo fa àga yọ nínú ẹrẹ̀. Ní ilé oúnjẹ kan lókè níbẹ̀, mo ra tíì gbígbóná, pọ́n-ùn méjì àti ààbọ̀ fún ife kan, a sì yọ búrẹ́dì wa jẹ. Ibẹ̀ la wà tí fóònù mi dún. Auntie Kúdí ni. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ kùtù ló wọ̀, ó ti dé.

“Brother Súlè, where is my dad? Bed rẹ̀ ti tutù, wheelchair ò sí! Ó sọ fún mi, ó sọ fún mi pé òun ń lọ!”

“Auntie, ẹ fara balẹ̀. Ó wà níbí, ó ń jẹ búrẹ́dì.”

“Ó ń jẹ kí ni?”

“Búrẹ́dì àti ẹyin. Auntie, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Daddy kọ sí yín gan-an?”

Ó kà á fún mi. “Àkókò ń pè mí. Mo gbọ́dọ̀ lọ kó tó lọ. Má bínú.” Ó fa imú. “Who writes that sí ọmọ ẹ̀?”

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi lára bí omi tútù. Mo gba fóònù Daddy, èyí tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ìka, mo wo ohun tó kọ: Akoko n pe mi. Mo gbodo lo ki o to lo. Ma binu. Kò sí àmì ohùn kan lórí rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́. Daddy kọ nípa ẹyẹ, ọmọ rẹ̀ ka ikú.

“Auntie, ẹyẹ ni,” mo ní. “Àkókó. Kì í ṣe àkókò.”

“Kí ni àkókó?”

“Woodpecker.”

“A woodpecker,” ó ní. “Mi ò sùn for eight days. Woodpecker.”

Daddy ti gbọ́. Mo ti sọ fún yín pé etí rẹ̀ mú. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. “Kúdí, ta ló ní mo fẹ́ kú?”

“Daddy, ẹ̀yin náà ni! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́!”

Ó fi ọwọ́ bo ojú. “Èmi tí mo fi ogún ọdún lu àmì sára igi,” ó ní, “mo wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ mi láìní àmì.”

Nígbà tí a padà dé Tavy Bridge, Auntie Kúdí ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, báàgì tó ti dì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. Ó ní kò yẹ kí n gbé Daddy jáde láìsọ fún òun, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Àwọn méjèèjì wá jókòó sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì. Ìṣubú ọjọ́sí kò parọ́, kò sì sẹ́ni tó sẹ́ ẹ. Wọ́n fi àdéhùn sí i: irin ìdìmú máa wà lára ògiri, Daddy á máa pè é láràárọ̀, á sì máa fẹnu sọ̀rọ̀ dípò kó máa kọ ọ́. Auntie Kúdí pe ilé àwọn arúgbó yẹn, ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn ní yàrá náà. Ó ṣí báàgì, ó sì ń fi ẹ̀wù Daddy kọ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ìgbà tí mo bá a kọ́ ọ.

Ohun tí ìrìn yẹn kọ́ mi ni pé kí n tó wó ohun tó dà bíi pé ó ti jẹrà, kí n kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Èmi ọmọ sọ́míìlì ni mo ń sọ èyí, mo sì mọ iye igi tó wà lọ́rùn mi.

Nírọ̀lẹ́, kí n tó lọ ilé, fóònù Daddy dún. Auntie Kúdí ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ti gbàgbé àdéhùn, ó sì kọ ọ́ bó ṣe máa ń kọ ọ́: Daddy, akoko wo ni ki n tun wa?

Mo kà á fún Daddy, mo sì bi í pé èwo ló rò pé ó ń bèèrè nínú méjèèjì. Ó fi ìka lu apá àga rẹ̀, kíákíá, léraléra.

“Sọ fún un pé èyí tó bá wù ú,” ó ní. “Mo ṣì ní méjèèjì.”